Ìmúrasílẹ̀ de àìsàn tó ń ràn nílé búrẹ́dì

Òru ni ọ̀pọ̀ ilé búrẹ́dì ní Iléṣà ń ṣiṣẹ́. Òṣìṣẹ́ a sùn sórí àpò fúláwà kí ilẹ̀ tó mọ́, ife kan náà ni wọ́n sì fi ń bu omi mu nínú dúrọ́ọ̀mù. Bí onígbáméjì tàbí àpólò bá wọ irú ibẹ̀, kì í pẹ́ ká wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé búrẹ́dì, owó ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó, kí ẹ tó ra ọṣẹ. Ẹni tó ń gba owó ojúmọ́ yóò fi ìgbẹ́ gbuuru pamọ́, torí bí kò bá wá, kò sówó. Abala 16 nínú òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé òṣìṣẹ́ tí dókítà bá jẹ́rìí sí àìsàn rẹ̀ lè gba owó rẹ̀ títí dé ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún. Ẹ ti sọ ọ́ fún wọn kí àìsàn tó dé. Ọmọ òṣómàáló mọ owó ṣírò: owó ọjọ́ méjì ẹnì kan kò tó búrẹ́dì òru kan tí ẹ ó dà nù.

Iná ààrò ń pa kòkòrò inú ìyẹ̀fun tí wọ́n pò. Ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń gé búrẹ́dì, tí wọ́n ti ń kó o sínú ọ̀rá, ni ewu wà, nítorí búrẹ́dì kò tún ní padà rí iná mọ́. Ẹni tó bá bì tàbí tó ṣu gbuuru kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ títí wákàtí 48 yóò fi kọjá lẹ́yìn tó ti dáwọ́ dúró pátápátá. Alápólò ní tirẹ̀, kó dúró sílé títí ojú yóò fi yé ṣepin. Ẹ sì ká aṣọ ìnura àjùmọ̀lò tó wà lára ìṣó kúrò.

Báàfù tí gbogbo ènìyàn ń tọwọ́ bọ̀ kò dáa: ẹni kẹta ń fi ìdọ̀tí ẹni méjì fọwọ́ ni. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó ní ẹnu ẹ̀rọ ni kí ẹ rà, ọ̀kan lẹ́nu ilé ìgbẹ́, ọ̀kan nídìí tábìlì náà. Ọṣẹ, ìṣẹ́jú-àáyá 20, kí wọ́n sì yọ ìyẹ̀fun gbígbẹ abẹ́ èékánná.

Bí ẹnikẹ́ni bá bì sílẹ̀, ẹ má gbá a. Ẹ wo ara ike bílíìsì: tó bá jẹ́ 3.5%, ife kan sí ife omi mẹ́fà. Ẹ fi àkísà bo èébì náà, ẹ da omi yìí lé e, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó fi ìbọ̀wọ́ kó o. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ pò ó tuntun, torí agbára rẹ̀ ń lọ. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ásíìdì ilé ìgbẹ́ láé. Èéfín tó ń jáde níbẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ẹ kọ́ ẹnì kejì ní iṣẹ́ ààrò láti ìsinsìnyí, kí iṣẹ́ má bàa dúró bí ẹni tó ń ṣe é bá ṣàìsàn.

Bí ẹni méjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu omi lóru kan náà, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tó tẹ́jú, ìdajì ṣíbí iyọ̀: kí wọ́n máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild. Ẹ pe NCDC, àjọ ìjọba tó ń dènà àjàkálẹ̀ àrùn, lórí 6232, kí ẹ sì dé dúrọ́ọ̀mù náà pa títí wọn yóò fi yẹ omi rẹ̀ wò.