Oríkèé Ara: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Òṣogbo

Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún pa adìyẹ, ẹ má tíì sọ itan rẹ̀ sínú ìkòkò. Ẹ gé e ní oríkèé, kí ẹ wo orí egungun náà dáadáa. Ẹ ó rí nǹkan funfun tó ń dán, tó dé e lórí bíi fìlà. Kèrékèré nìyẹn. Ẹ fi ìka kàn án: ó ń yọ̀, omi díẹ̀ sì wà níbẹ̀ tó ń fà bíi funfun ẹyin tútù. Tiwa náà kò yàtọ̀.

Egungun 206 ló wà lára àgbàlagbà. Ibi tí ọ̀kan bá ti pàdé èkejì ni oríkèé. Kèrékèré kì í jẹ́ kí egungun ha egungun, omi yẹn ń ṣe iṣẹ́ òróró, iṣan líle sì so wọ́n pọ̀ kí wọ́n má baà yẹ̀. Orúnkún àti ìgúnpá ń ṣí, wọ́n ń pa dé bí ilẹ̀kùn. Ti èjìká àti ìbàdí yàtọ̀: orí egungun roboto ló jókòó sínú kòtò, òun ló jẹ́ kí apá lè yí bìrí. Kòtò ti èjìká kò jìn, ìdí nìyẹn tó fi ń tètè yẹ̀ ju ìbàdí lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé kèrékèré kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Inú omi oríkèé ló ti ń jẹun. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, omi á jáde bí ìgbà tí a fún kàn-ìn-kàn-ìn. Bí a bá gbé ara kúrò, á fa òmíràn mu. Ẹni tó lóṣòó sójú kan láti àárọ̀ títí ọ̀sán ń febi pa kèrékèré rẹ̀. Ẹni tó jókòó lójú kan náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin aláró ìlú aró, ẹ wá àpótí tó ga díẹ̀ sídìí ìkòkò yín. Fífún aṣọ ló ń pa ọrùn ọwọ́ jù: ẹ fi aṣọ kọ́ òpó, ẹ di orí méjèèjì mú, kí ẹ wá lọ́ ọ. Ẹ̀yin tó ń din gàrí, ẹ̀yin náà ẹ wá àpótí. Ẹ̀yin tó ń kọ ebè, bí ẹ bá ti parí poro kan, ẹ nàró, ẹ rìn díẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ìyá òun kò gun àpótí rí. Ẹ bá mi wo bí ìyá náà ṣe ń dìde báyìí.

Oògùn ara ríro tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá lọ́jà, ẹ ṣọ́ra fún un. Ó lè dá egbò sínú ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Bí ẹsẹ̀ bá rọ́, ẹ sinmi, ẹ gbé e sókè, ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi tútù lé e. Ẹ má fọwọ́ wọ́ ọ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí apá bá yẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á. Bó ṣe wà ni kí ẹ ṣe fi aṣọ gbé e kọ́ ọrùn, kó di ilé ìwòsàn.

Kì í ṣe gbogbo oríkèé tó ń roni ni làkúrègbé. Bí oríkèé kan bá wú, tó gbóná, tí ibà sì tẹ̀ lé e, àgàgà lára ọmọdé, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Kòkòrò àrùn lè ti wọ inú rẹ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan ló sì lè jẹ kèrékèré náà tán.