Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé fíìmù tó ń tako ogun síta fáwọn èèyàn àdúgbò yín

Ẹ má tíì wá pùròjẹ́tọ̀ kiri, fíìmù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Kì í ṣe gbogbo fíìmù tí wọ́n ti ń yìnbọn tí wọ́n wá sunkún níparí ló ń tako ogun o. Òmíì wà tó jẹ́ pé ìbọn ló ń dún ṣáá, áktọ̀ ò ní kú, gbogbo bó ṣe ń fò láàárín iná ló ń wu èèyàn, kó tó parí àwọn ọmọ tó ń wò ó ti ń fi igi ṣe ìbọn níta. Ìyẹn ń polówó ogun ni. Ohun témi máa ń wò ni pé ta ni kámẹ́rà dúró tì jù? Tó bá jẹ́ ẹni tó gbébọn tó sì ń borí ni, ẹ fi sílẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹni tógun ká mọ́lé tí ò mọwọ́ tí ò mẹsẹ̀, àbí ẹni tó dìde tó ní kí wọ́n dáwọ́ ẹ̀ dúró, ẹ jókòó kẹ́ ẹ wò ó dáadáa.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Pray the Devil Back to Hell ni màá ní kó fi bẹ̀rẹ̀, ọdún 2008 ló jáde. Kì í ṣe eré, àwọn obìnrin Liberia tọ́rọ̀ ṣojú wọn ló ń sọ ọ́ fúnra wọn. Lọ́dún 2003, ogun abẹ́lé ti sọ ìlú wọn di ìdàkudà, ni Leymah Gbowee àtàwọn obìnrin, Krìstẹ́nì pẹ̀lú Mùsùlùmí, bá kóra jọ, wọ́n wọ funfun, wọ́n ń jókòó sí pápá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ẹja ní Monrovia lójoojúmọ́, òjò o, oòrùn o, wọ́n ò kúrò níbẹ̀ títí Charles Taylor tó jẹ́ ààrẹ fi gbà kí wọ́n wá rí òun. Nígbà tí ìjíròrò wá bọ́ sí Accra, táwọn olórí ogun ń gbádùn hòtẹ́ẹ̀lì tí wọn ò múra àtifẹnu kò, àwọn obìnrin yìí tẹ̀ lé wọn débẹ̀, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìpàdé, wọ́n fọwọ́ kọ́wọ́, wọ́n ní ẹnì kankan ò ní jáde. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní àwọn máa mú Gbowee, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè orí ẹ̀, ó lóun máa bọ́ra síhòòhò níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ọkùnrin tó bá gbọ́n kì í dúró wo ìyẹn. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar tiwa níbí ló ń ṣe alárinà lọ́jọ́ náà, òun ló jáde wá bá wọn sọ̀rọ̀. Nínú oṣù kẹjọ ọdún yẹn Taylor gbéjọba sílẹ̀, ó kó wá sí Calabar, wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Tẹ́ ẹ bá ti gbé èyí fáwọn èèyàn wò, ó máa ṣòro fẹ́nikẹ́ni láti dìde kó ní “kí la tiẹ̀ lè ṣe sí i”.

Èyí tó lè tẹ̀ lé e ni The War Game, iṣẹ́ Peter Watkins, ọdún 1966. Kò tó wákàtí kan, dúdú àti funfun ni, ńṣe ló ṣe é bíi ìròyìn, ó fi ohun tó máa ṣẹlẹ̀ hàn bí bọ́ǹbù átọ́míìkì bá já lu Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. BBC fúnra wọn ló ṣe é, àwọn náà ló tún tì í mọ́lé, wọn ò gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n àfi ìgbà tó di 1985! Àwọn CND, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń tako bọ́ǹbù átọ́míìkì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń gbé e kiri láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn. Àwọn yìí náà ni àmì róbótó yẹn tẹ́ ẹ máa ń rí lára tíṣẹ́ẹ̀tì òkirikà di tiwọn, 1958 ni Gerald Holtom yà á fún ìwọ́de tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn láti London dé Aldermaston, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́ǹbù náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fíìmù yìí fọ́mọdé wò.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ti ogun tiwa níbí, ìyẹn ogun Biafra, ẹ rántí pé àwọn tógun yẹn ṣojú ẹ̀ ṣì lè wà nínú gbọ̀ngàn yín. Ọmọ Yorùbá ni Biyi Bandele tó darí Half of a Yellow Sun, síbẹ̀ àwọn tó ń yẹ fíìmù wò lórílẹ̀-èdè yìí dá a dúró fún oṣù mélòó kan lọ́dún 2014. Ẹ lọ bá àwọn bàbá àti ìyá wọ̀nyẹn nílé ṣáájú, ẹ sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún wọn, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sítòsí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n bá fẹ́ tètè jáde. Kẹ́ ẹ sì sọ fún gbogbo ilé pé a ò wá dá ẹjọ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ o, torí tẹ́ ẹ bá gbà á láyè, ìjà ẹ̀yà lẹ máa fi parí ẹ̀.

Ti ohun èlò ò le. Ẹ kọ̀wé sáwọn tó ni fíìmù kẹ́ ẹ gbàṣẹ, pé ẹ ra DVD ò ní kẹ́ ẹ gbé e síta gbangba. Ẹ dà á sórí kọ̀ǹpútà ṣáájú, ẹ má gbọ́kàn lé dátà. Jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé e jìnnà sẹ́yìn ilé, ariwo ẹ̀ ló máa ń pa ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nínú fíìmù.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa sọ lẹ́yìn ẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an. Bó bá ti parí, ẹ má sáré tanná, ẹ jẹ́ kí orúkọ àwọn tó ṣe é kọjá tán. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé wọ́n gbádùn ẹ̀, ìbéèrè yẹn ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ bi wọ́n pé ibo lo ti gbójú kúrò? Ẹni tó bá dáhùn ìyẹn lóòótọ́, ẹlòmíì á bá a dá sí i. Brother kan sì máa ń wà tó fẹ́ sọ ọ́ di ìwàásù, ẹ ti ní ẹnì kan nílẹ̀ tó lè fọgbọ́n gba máìkì lọ́wọ́ ẹ̀. Páfù-páfù, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ pín in, tẹ́ ẹ bá pín in ṣáájú ìdajì wọn á ti lọ. Kẹ́ ẹ sì jọ mú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa tún pàdé kí wọ́n tó dìde lórí àga, torí tẹ́ ẹ bá ní ẹ máa sọ ọ́ lórí WhatsApp, ẹ ẹ̀ ní rí nǹkan míì níbẹ̀ ju “ẹ káàárọ̀ o, ọjọ́ òní á san wá” lọ.