Bí Olórí Ibùdó Ìlera Ṣe Lè Yan Ìwé Tí Yóò Kà

Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí ibùdó ìlera ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó kì í pẹ́ rí i pé iṣẹ́ tí òun kọ́ nílé ẹ̀kọ́ kọ́ ni wọ́n gbé lé òun lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì tó mọ ìtọ́jú aláìsàn dunjú ni wọ́n ní kó máa ṣètò àkókò iṣẹ́, kó máa ka oògùn tó kù nínú àká, kó sì tún máa parí ìjà àwọn òṣìṣẹ́. Ìwé tó lè ràn án lọ́wọ́ wà, ṣùgbọ́n èyí tí olówó òkèèrè fi ń ròyìn bí òun ṣe là kò mọ wọ́ọ̀dù tí iná ti lọ láti àná.

Kí ẹ tó wá ìwé kankan, ẹ kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sílẹ̀ láti inú iṣẹ́ yín. Bí ẹ bá ń béèrè bí ènìyàn ṣe ń di olórí rere, ìwé kò ní tán nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè ìdí tí aboyún tó dé ní aago méje àárọ̀ fi ń rí dókítà ní aago kan ọ̀sán, ẹ ó tètè mọ ìwé tó kàn yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka rẹ́jísítà ibùdó yín. Ẹ mú ti oṣù mẹ́ta, kí ẹ wo iye ènìyàn tó wá, aago tí wọ́n dé, àwọn tí ẹ gbé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, àti ohun tó gbẹ̀yìn wọn. Ibi tí wọn kò kọ nǹkan kan sí gan-an ni kí ẹ fara balẹ̀ wò jù. Florence Nightingale, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìbúra àwọn nọ́ọ̀sì, kò fi ẹnu lásán bá ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jà lẹ́yìn ogun Crimea. Àkọsílẹ̀ iye ọmọ ogun tó kú àti ohun tó pa wọ́n ló gbé síwájú wọn.

Òfin ló kàn. Ẹ ka Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014, pàápàá abala 11, tó ya ó kéré tán ìpín 1 nínú 100 owó àpapọ̀ ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀, àti abala 20, tó kà á léèwọ̀ láti kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, nítorí ohunkóhun. Owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì, ni ìjìyà rẹ̀. Ẹ fi òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 kún un.

Nígbà náà ni ẹ tó lè kọjú sí ìwé àwọn onímọ̀. Bí ìbéèrè yín bá jẹ́ ti aboyún, àpilẹ̀kọ tí Thaddeus àti Maine tẹ̀ jáde ní ọdún 1994 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi hàn pé ìdádúró mẹ́ta ló ń pa ìyá ọlọ́mọ: kí ilé tó pinnu pé ó yá, kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, àti kí wọ́n tó rí ìtọ́jú gbà níbẹ̀. Ẹni tó bá rántí Àbíyè, ètò ìtọ́jú aboyún tí ìjọba Olúṣẹ́gun Mímikò bẹ̀rẹ̀ ní Ìfẹ́dọ́rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọdún 2009, yóò rí i bí irú èrò yìí ṣe lè kúrò lórí ìwé di iṣẹ́.

Àpilẹ̀kọ Donabedian ti ọdún 1966, lórí bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ìtọ́jú dára, le díẹ̀ láti kà, àmọ́ ó tọ́ sí wàhálà rẹ̀. Ó ní kí a wo ohun tí a ní, ohun tí a ń ṣe, àti ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ yé kò tún ní máa yọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì tuntun dé nígbà tí kò sí ẹni tí yóò tọ́jú ẹni tó dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀. Ìwé To Err Is Human, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999, fojú bù ú pé láàárín 44,000 sí 98,000 ènìyàn ni àṣìṣe ń pa lọ́dọọdún ní ilé ìwòsàn wọn. Kókó rẹ̀ ni pé bí a ṣe to iṣẹ́ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe ẹni tí a ó dá lẹ́bi. Lọ́dọ̀ wa níbí, tó jẹ́ pé kúẹ́rì ló máa ń kọ́kọ́ dé, ìwé yìí yóò bí àwọn ọ̀gá kan nínú, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí wọ́n kà á. Bí iṣẹ́ abẹ bá wà ní ibùdó yín, ẹ wá àkọsílẹ̀ ohun 19 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2008 pé kí wọ́n máa yẹ̀ wò ní yàrá iṣẹ́ abẹ; ojú ewé kan péré ni.

Ẹ má dá kà á. Ẹ pe ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹni tó ń tọ́jú káàdì àti akọ̀wé owó wà níbẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n mọ ibi tí aláìsàn ń há sí. Kí ẹnì kan fi Yorùbá sọ ohun tó kà, láìwo ìwé. Ibi tó bá ti kọsẹ̀, ẹ jọ padà síbẹ̀. Kí ẹ wá mú ohun kan ṣoṣo, kí ẹ dán an wò ní ẹ̀ka kan fún oṣù kan, kí ẹ sì tún ṣí rẹ́jísítà láti wò ó bóyá aboyún aago méje ti ń rí dókítà kí aago mẹ́wàá tó lù.