Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Lingon Sínú Omi Lásán

Láti ìparí Oṣù Kẹjọ ni lingon, èso pupa kéékèèké kan, ti ń pọ́n nínú igbó Sweden àti Finland, kò sì wọ́pọ̀ kí èso igbó rọrùn láti tọ́jú tó èyí. Kò bèèrè ṣúgà, a kì í sì í gbé e kaná. Omi àti òtútù ti tó o. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ ṣe ń ṣe é kí fìríìjì tó dé, nígbà tí ṣúgà ṣì wọ́n bí ojú.

Inú èso náà ni ohun tó ń dáàbò bò ó wà. Ó kan gan-an, ó sì ní benzoic acid tí kì í jẹ́ kó tètè bu. Ìbátan rẹ̀ ni sodium benzoate tí wọ́n ń fi sínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò kó má bàa bàjẹ́.

Òfin Sweden gba ẹnikẹ́ni láàyè láti ká èso igbó lórí ilẹ̀ onílẹ̀, àmọ́ ẹ má wọ ọgbà ilé tàbí oko tí wọ́n gbin nǹkan sí. Ẹ yẹ ewé wò kí ẹ tó ká a. Ewé lingon kéré, ó le, ó ń dán. Bí ẹ bá yí i padà, ẹ ó rí àmì dúdú wínníwínní lábẹ́ rẹ̀. Òdòdó igbó tí wọ́n ń pè ní liljekonvalj náà ń so èso pupa, májèlé sì ni. Tirẹ̀, ewé fífẹ̀ tó gùn ló ń yọ láti inú ilẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá dá mọ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Ibi ṣíṣà ni iṣẹ́ wà. Ẹ fi aṣọ bo pákó, ẹ gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀, kí èso máa yí lọ sínú abọ́. Ewé àti pàǹtí á lẹ̀ mọ́ aṣọ. Kí ẹ wá ṣà á bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ yọ èyí tó ti bẹ́, èyí tó ti rọ̀, àti èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì funfun. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ojú ń kán mi, n kò ṣà á dáadáa. Ìgò méjì bu kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo dànù, torí a kì í bó èébu kúrò lórí ká jẹ ìsàlẹ̀.

Ẹ se omi kó hó, kí ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan ìgò ẹlẹ́nu gbàǹgbà, ẹ da èso sí i, kí ẹ bu omi náà lé e títí yóò fi bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ dé e, ẹ gbé e síbi tó tutù bíi fìríìjì, tó sì ṣókùnkùn. Ó lè wà títí ìgbà òtútù á fi parí.

Ẹni tó bá fẹ́ aládùn lè po kílò 1 èso tútù mọ́ ṣúgà gíráàmù 500. Ẹ máa fi ọmọrogùn rò ó lóòrèkóòrè títí ṣúgà á fi yòrò, kí ẹ gbé e sínú fìríìjì.

Ẹ má fi blåbär, èso igbó aláwọ̀ búlúù, sínú omi báyìí o. Kò ní agbára lingon. Inú fírísà ló yẹ ẹ́, tàbí kí ẹ fi ṣúgà sè é.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, omi inú ìgò á pọ́n, á sì kan. Ẹ má dà á nù. Ẹ fi ṣúgà díẹ̀ sí i, kí ẹ mu ún. Kí ẹ bu èso rẹ̀ sórí ògì gbígbóná.