Bí A Ṣe Lè Ṣe Àbẹ̀wò sí Hameln, Ìlú Tí Afunfèrè Ti Kó Ọmọ Lọ

Hameln jẹ́ ìlú kékeré kan létí odò Weser, ní ìpínlẹ̀ Niedersachsen, ní àríwá orílẹ̀-èdè Jámánì. Ìtàn kan ṣoṣo ni ó gbé orúkọ rẹ̀ káyé, ìyẹn ìtàn afunfèrè tí ó kó ọmọ 130 jáde kúrò nínú ìlú, tí ojú kò sì tún kàn wọ́n mọ́. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ọmọ Ìlọrin, ọmọ Ọ̀fà àti ọmọ Ìgbómìnà tí ó ń kàwé tàbí tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì, àti fún òbí tí ó bá fẹ́ lọ kí ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà ṣíwájú, kí ọ̀rọ̀ èkúté sì máa bọ̀ lẹ́yìn, nítorí àwòrán èkúté ni ẹ óò kọ́kọ́ rí níbi gbogbo tí ẹ bá yíjú sí.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lónìí, èkúté ti gba ilé mọ́ àwọn ará Hameln lọ́wọ́ ní ọdún 1284, nígbà tí àlejò kan tí ó wọ aṣọ aláràbarà dé, tí ó sì ní òun yóò kó wọn kúrò bí wọ́n bá lè san iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí. Ó fun fèrè, àwọn èkúté tẹ̀lé e wọ odò Weser, omi sì gbé wọn lọ. Nígbà tí ó béèrè owó rẹ̀, wọn kò fún un. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ó padà wá, ó tún fun fèrè, àwọn ọmọ sì ni wọ́n tẹ̀lé e lọ́tẹ̀ yìí, títí wọ́n fi wọ inú òkè kan lọ. Àwọn méjì padà dé. Ọ̀kan fọ́jú, ó lè ròyìn ṣùgbọ́n kò lè júwe ibẹ̀. Èkejì yadi, ó lè júwe ibẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè ròyìn.

Ṣùgbọ́n ìwé àfọwọ́kọ kan tí a mọ̀ mọ́ ìlú Lüneburg, tí wọ́n kọ ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, kò mẹ́nu kan èkúté rárá. Ohun tí ó sọ ni pé ọ̀dọ́mọkùnrin arẹwà kan, ẹni bí ọgbọ̀n ọdún, tí ó múra dáadáa, gba orí afárá wọ ìlú, ó ń fun fèrè fàdákà, ọmọ 130 sì tẹ̀ lé e gba ẹnubodè ìlà-oòrùn jáde. Àwọn ìyá wọn sáré kiri láti ìlú dé ìlú, wọn kò sì rí wọn. Ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni èkúté tó wọ inú ìtàn yìí. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó gbéra, nítorí òun ni yóò sọ ọ̀nà tí ó yẹ kí ẹ gbà nínú ìlú.

Ní ti ìrìn-àjò, ẹni tí ó ń bọ̀ láti ilé yóò gba físà Schengen, ìyẹn ìwé ìwọlé fún Jámánì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù mìíràn, èyí tí ó fàyè gba 90 ọjọ́ láàárín 180 ọjọ́, pẹ̀lú ìwé adójútòfò ìlera tí iye rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 30,000 yúrò. Láti Ìlọrin, ẹ óò lọ wọ ọkọ̀ òfurufú ní Èkó tàbí Àbújá lọ sí Frankfurt, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hannover. Láti Hannover, ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní S5 ni ó ń gbé ènìyàn dé Hameln ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Bí ẹ bá tó méjì sí márùn-ún, tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Niedersachsen-Ticket ni kí ẹ jọ rà. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ṣeé lò nínú ọkọ̀ ayárakánkán ICE.

Ibùdókọ̀ ojú irin wà ní ìlà-oòrùn ìlú àtijọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ àlejò ni ó ń gba Osterstraße wọlé. Ìmọ̀ràn tèmi yàtọ̀. Ẹ la ìlú náà já lọ sí etí odò, ní ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì Münster àti afárá wà, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ ìrìn yín láti ibẹ̀ bí afunfèrè náà ṣe wọlé. Ẹ gba Bäckerstraße gòkè lọ sí ọjà, kí ẹ sì yà sí Osterstraße, kí ẹ máa lọ sí ìlà-oòrùn. Ẹ wọ bàtà tí ó rọrùn, nítorí òkúta ni wọ́n tẹ́ sí ojú ọ̀nà. Ní ọjà ni ṣọ́ọ̀ṣì Marktkirche wà. Fèrèsé onígíláàsì kan wà níbẹ̀ rí láti nǹkan bí ọdún 1300 tí wọ́n ya afunfèrè àti àwọn ọmọ náà sí. Ó ti sọnù láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ogun wó ṣọ́ọ̀ṣì náà ní 1945, wọ́n sì tún un kọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1950. Hochzeitshaus, tí wọ́n kọ́ láàárín 1610 sí 1617 fún ayẹyẹ ìgbéyàwó àwọn ará ìlú, kò jìnnà sí i. Agogo ara rẹ̀ máa ń lù, àwọn ère kéékèèké sì ń jáde ṣe ìtàn náà ní 1:05, 3:35 àti 5:35 ọ̀sán.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí jù lọ ni ìparí Osterstraße, níbi tí Rattenfängerhaus, ìyẹn Ilé Apẹkúté, wà. Afunfèrè kọ́ ni ó ni ilé náà, nítorí 1602 sí 1603 ni wọ́n kọ́ ọ. Àkọlé ara rẹ̀ ni ó fún un ní orúkọ: ó ní ní ọdún 1284, ní ọjọ́ Jòhánù àti Pọ́ọ̀lù, tí í ṣe ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, afunfèrè kan tí ó wọ aṣọ oríṣiríṣi àwọ̀ tan ọmọ 130 tí wọ́n bí ní Hameln lọ, wọ́n sì sọnù ní Kálfárì lẹ́bàá Koppen. Òpópónà tóóró tí àkọlé náà kọjú sí ni Bungelosenstraße. Wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn ọmọ náà gbà jáde, láti ìgbà náà ni wọn kì í sì í lu ìlù, wọn kì í fun fèrè, wọn kì í jó níbẹ̀; bí àwọn onílù bá ń sin ìyàwó bọ̀, wọn yóò dákẹ́ títí wọn yóò fi kọjá. Àwa tí a ń kì Ìlọrin ní ìlú tóbi tó báyìí tí wọn ò léégún, tí ẹṣin jẹ́ eégún ilé baba wọn, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún wa pé ìlú lè ní ohun tí kì í ṣe. Ẹ pa orin inú fóònù yín kí ẹ tó wọ òpópónà náà, bí fídíò bá sì wù yín láti yà, ẹ má fi orin sí i.

Ibo ni àwọn ọmọ náà lọ? Àwọn kan ní àìsàn ni ó pa wọ́n, àwọn mìíràn ní ogun Sedemünder tí àwọn ará Hameln jà ní ọdún 1260 ni. Èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà, tí èmi náà sì gbà, ni pé àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n, tí agbódegbà kan wá kó lọ tẹ ìlú tuntun dó ní ìlà-oòrùn, nítorí ní ayé ìgbà náà àwọn olóyè ibẹ̀ ń wá ènìyàn tí yóò gbé orí ilẹ̀ wọn. Jürgen Udolph, tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa orúkọ, fi orúkọ àwọn ìlú agbègbè Hameln àti ti ìlà-oòrùn tí ó jọra gbe èyí lẹ́sẹ̀. Ará Ọ̀fà àti ará Ìlọrin tí ó ní ìbátan tí ó lọ ṣòwò ní Gánà kí wọ́n tó lé àwọn àjèjì kúrò níbẹ̀ ní ìparí 1969 mọ bí ilé ṣe ń rí nígbà tí ọ̀dọ́ bá lọ tán. Àwọn tiwa padà wá. Àwọn ti Hameln kò padà.

Mùsíọ́ọ̀mù ìlú wà ní Osterstraße kan náà, kì í sì í ṣí ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Bí ẹ bá bá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ sọ ti Ẹ̀siẹ̀ fún wọn, níbi tí ère òkúta tí ó lé ní 1,000 wà, tí àwọn baba wa sọ pé ènìyàn ni wọ́n rí, tí wọ́n sì ṣí mùsíọ́ọ̀mù fún ní 1945. Ọjọ́ Àìkú láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án ni ó dára jù láti lọ, nítorí àwọn ará ìlú máa ń ṣe eré ìtàn náà ní gbangba ní aago méjìlá ọ̀sán, wọn kì í sì í gba owó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni ó ń tì lọ́jọ́ Àìkú, nítorí náà kí ẹ ti ra omi àti ìpanu lọ́wọ́. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ àwọn ará Jámánì. Kí Mùsùlùmí béèrè kí ó tó jẹun, tàbí kí ó wá ilé oúnjẹ àwọn ará Tọ́kì. Ní oṣù Kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, nítorí náà ìrun Mọ̀gàríbà máa ń pẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń pẹ́ yìí ni yóò jẹ́ kí ẹ ráyè lọ sí Coppenbrügge, ìlú kékeré kan tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè Ith, nítorí àwọn kan gbà pé ibẹ̀ ni Koppen tí àkọlé náà dárúkọ. Láti Hameln, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin tí ó ń lọ sí Hildesheim. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà láàárọ̀ gbé yín dé ibẹ̀, ó sì tún gbé yín padà sí Hannover, nítorí aago mẹ́ta òru ni ó tó kú.