Bí ẹ ṣe lè múra sílẹ̀ kí wọ́n tó yọ kókó inú ọ̀pá ẹ̀yìn

Iṣẹ́ tèmi nínú yàrá iṣẹ́ abẹ ni láti jókòó ti ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iṣan ìmọ̀lára títí oníṣẹ́ abẹ á fi yọ kókó tán. Ẹ̀yin tí wọ́n sọ fún pé schwannoma (kókó tó ń hù lára awọ tó bo iṣan ìmọ̀lára) tàbí meningioma (kókó tó ń hù lára awọ tó bo mùdùnmúdùn ẹ̀yìn) wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn yín ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kókó yìí ṣọ̀wọ́n, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ bó ṣe ń tóbi ló ń fún mùdùnmúdùn ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ á wá máa wúwo, ìtọ̀ á máa ṣòro láti dá dúró.

Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà yín bóyá wọ́n máa ṣọ́ iṣan yín lásìkò iṣẹ́ abẹ. Ẹ ní kó fi àwòrán MRI, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n fi ẹ̀rọ onímágínẹ́ẹ̀tì yà, hàn yín, torí ibi tí kókó wà ló ń sọ ohun tí a máa ṣọ́. Bó bá wà lọ́rùn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni. Bó bá wà nísàlẹ̀ ìbàdí, a tún ń ṣọ́ iṣan tó ń dá ìgbẹ́ dúró.

Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín la máa ń gún sí awọ orí, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú irun àtọwọ́dá kí ẹ tó wá. Iná díẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ wọlé ló ń mú kí ọpọlọ rán àmì sí ẹsẹ̀, eyín á sì pàdé gbàgà. A máa ń ká aṣọ rírọ̀ sáàárín eyín kí ahọ́n má bàa gé. Ẹ sọ fún wa bí eyín bá ń mì, bí ẹ bá ní wárápá, tàbí bí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ kan sínú àyà tàbí sínú orí yín. Ẹ dárúkọ gbogbo oògùn àti àgbo tí ẹ ń lò, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Dókítà ló máa sọ ìgbà tí ẹ máa dá a dúró.

Bí ẹ bá ti sùn, oníṣẹ́ abẹ á fi ọ̀pá oníná kékeré kan ara kókó náà. Bí ẹsẹ̀ bá dáhùn lójú ẹ̀rọ mi, iṣan tó ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, kò ní gé e. Bí àmì ẹsẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, màá kígbe. Oníṣẹ́ abẹ á gbé ọwọ́ kúrò, á da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ síbẹ̀, dókítà tó fún yín ní oògùn oorun á gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, a ó sì dúró. Nígbà míì, wọ́n á fi díẹ̀ sílẹ̀ lára kókó kí ẹsẹ̀ lè ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, ìpinnu tó dára ni, ẹ má bínú sí i. Wọ́n á máa fi MRI wò ó.

Bí ẹ bá jí, wọ́n á ní kí ẹ mi ọmọ ìka ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí omi tó mọ́ gaara bá ń jò lójú ọgbẹ́, bí orí bá ń fọ́ yín gan-an nígbà tí ẹ bá jókòó, bí ìtọ̀ bá há tàbí ẹsẹ̀ bá tún rọ, ẹ pe ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ òru.