Ẹ Má Náwó Sófo ní Erékùṣù: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Tọkọtaya Tó Ń Gbé Báàgì Kọ́ Ẹ̀yìn

Owó tí tọkọtaya ń pàdánù ní erékùṣù kékeré kì í sábà jẹ́ owó ìgbádùn. Ọkọ̀ tí kò gbéra ló ń jẹ ẹ́, àti yàrá tí wọ́n san owó rẹ̀ tí wọn ò sùn sí, fóònù tí omi iyọ̀ wọ̀, ẹsẹ̀ tí òkúta iyùn inú òkun (coral) gé tí wọn ò tètè fọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń dunni láti máa rí i lọ́dọọdún. Ẹni tó ń ka èyí ti mọ bí wọ́n ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì àti bí wọ́n ṣe ń wá yàrá, a ò ní fi ìyẹn fa ọ̀rọ̀ gùn.

1. Ẹ má di ẹrù bí ẹni méjì tí kò mọra

Ọṣẹ méjì, ìpara eyín méjì, àpò oògùn méjì, ṣájà mẹ́rin. Kí ni gbogbo rẹ̀ wà fún nígbà tó jẹ́ pé yàrá kan náà lẹ ó jọ sùn? Báàgì tó gba lítà 35 sí 40 tó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹrù inú rẹ̀ má sì ju kílò 7 lọ, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ bàálù olówó pọ́ọ́kú gbà fún ẹrù ọwọ́ nìyẹn. Aṣọ mẹ́ta mẹ́ta tó tètè ń gbẹ ti tó, ẹ ó máa fọ̀ ọ́. Jíǹsì kì í gbẹ nínú afẹ́fẹ́ tó kún fún omi. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti ń rùn. Àpótí onítáyà kò wúlò rárá: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ò dé èbúté gidi, inú omi tó dé orúnkún lẹ ó bọ́ sí, lẹ́yìn náà iyanrìn ló kù.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ohun tó yẹ kí wọ́n pa pọ̀ ni wọ́n ń mú ní méjì méjì, ohun tó yẹ kí wọ́n pín ni wọ́n ń kó sínú báàgì kan. Owó, káàdì báńkì àti páásípọ́ọ̀tù àwọn méjèèjì á wà lọ́dọ̀ ìyàwó tàbí lọ́dọ̀ ọkọ. Tí báàgì yẹn bá bọ́ sómi, ó parí. Kí kálukú mú ìdajì owó, kí kálukú ní káàdì tirẹ̀, kó jẹ́ ti báńkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí àwòrán páásípọ́ọ̀tù ẹnì kejì sì wà lórí fóònù kálukú. Ẹ kó owó tó máa tó gbogbo ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ fi ti ọjọ́ mẹ́ta lé e. Erékùṣù kékeré lè má ní ju ẹ̀rọ ATM kan lọ, owó sì lè tán nínú rẹ̀. Ẹ ṣẹ́ owó kéékèèké dání, torí ọlọ́kọ̀ kì í ní ṣéńjì.

2. Ẹ má ra àsìkò òjò nítorí pé ó pọ́ọ́kú

Kì í ṣe orílẹ̀-èdè nìkan ni ẹ ó wò, ẹ wo ìhà tí erékùṣù náà kọjú sí. Ní Thailand, ìhà Phuket máa ń rí òjò láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò Koh Samui ní ìhà kejì máa ń pọ̀ jù láàárín oṣù kẹwàá sí ìkejìlá. Ní àwọn erékùṣù Perhentian ní Malaysia, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, òkun máa ń ru débi pé ọ̀pọ̀ ilé àlejò á tìlẹ̀kùn. Àsìkò ìjì líle ní Caribbean bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, ó sì parí ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá. Tí owó yàrá bá wálẹ̀ lójijì nínú irú oṣù bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ ìdí.

3. Ẹ má so ọkọ̀ ojú omi mọ́ bàálù ní ọjọ́ kan náà

Èyí ni àṣìṣe tó ń jẹ owó jù, òun náà ni wọn kì í fẹ́ gbọ́. Wọ́n á rí i lórí ìwé pé ọkọ̀ ń kúrò ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó ń dé ní aago mẹ́wàá, bàálù wọn sì jẹ́ aago mẹ́ta ọ̀sán. Wọ́n á ní àyè pọ̀. Àkókò tí wọ́n kọ sórí ìwé yẹn, ti ọjọ́ tí òkun bá dákẹ́ ni. Tí ẹ̀fúùfù bá le, àwọn aláṣẹ èbúté lè dá gbogbo ọkọ̀ dúró, ọlọ́kọ̀ ò sì lè ṣe nǹkan kan sí i. Lọ́jọ́ kejì, èrò ọjọ́ méjì ni yóò máa du àyè ọjọ́ kan. Ní ti bàálù, tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ ni ti ọkọ̀, ọ̀tọ̀ ni ti bàálù, nítorí náà ilé iṣẹ́ bàálù kò jẹ yín ní nǹkan kan. Owó ìrìn-àjò ẹni méjì á lọ nítorí alẹ́ kan tí wọ́n fẹ́ fi kún etíkun.

Ohun tí ẹ ó ṣe kò le. Alẹ́ tó ṣáájú bàálù, kí ẹ ti kúrò ní erékùṣù, kí ẹ sùn ní ìlú tí pápákọ̀ òfurufú wà. Ní àsìkò tí òkun ń ru, ẹ fi alẹ́ méjì sílẹ̀ dípò ọ̀kan. Ọkọ̀ àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ wọ̀: ní ọ̀pọ̀ ibi, afẹ́fẹ́ máa ń le bí ọ̀sán bá ṣe ń gorí, bẹ́ẹ̀ ni tí ọkọ̀ àárọ̀ bá bàjẹ́, ti ọ̀sán ṣì wà. Tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ pa pọ̀, ẹ rí i dájú pé ẹ lè yí ọjọ́ àbọ̀ padà láìsan owó mìíràn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ lọ bi àwọn tó ń wa ọkọ̀ gan-an bí òkun ṣe máa rí lọ́la, kì í ṣe ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, torí iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó tà á. Kí ẹ sì béèrè orúkọ èbúté náà. Erékùṣù tó ní èbúté méjì ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú.

Ọjọ́ tí ẹ fi sílẹ̀ yìí kò ṣòfò fún àwọn tó ń wẹ̀ lábẹ́ omi pẹ̀lú àgbá afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ti ń lọ sábẹ́ omi léraléra kò gbọdọ̀ wọ bàálù títí wákàtí 18, ó kéré tán, yóò fi kọjá, nítorí gáàsì náítírójìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lè máa hó bí ọṣẹ nínú ara nígbà tí bàálù bá gòkè. Ìyẹn lè rọni lápá rọni lẹ́sẹ̀, ó sì lè pani.

Nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀: ẹ̀yìn ni kí ẹ jókòó sí. Iwájú ọkọ̀ eléré máa ń fò sókè, á sì já lulẹ̀ gbàgà lórí ìgbì, eegun ẹ̀yìn àwọn mìíràn ti fọ́ níbẹ̀. Ẹ ka ẹ̀wù ìléfòó kí ẹ tó san owó. Tí kò bá kárí èrò, ẹ bọ́ sílẹ̀. Oògùn èébì ojú omi, wákàtí kan kí ọkọ̀ tó gbéra ni wọ́n ń lò ó, torí tí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀, oògùn ò dúró nínú mọ́. Wọ́n á kó báàgì ńlá jọ síwájú níbi tí omi ti ń ta sí i, nítorí náà ẹ tẹ́ ọ̀rá líle sínú rẹ̀ láti ilé. Fóònù, páásípọ́ọ̀tù, owó àti oògùn á wà nínú àpò tí omi kì í wọ̀, lítà 10 tó, kó sì wà lára yín. Ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ ká ẹnu rẹ̀ nígbà mẹ́ta kí ẹ tó dè é. Ẹni tó bá ká a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ì tíì pa á dé.

4. Ẹ má san owó gbogbo alẹ́ sílẹ̀

Alẹ́ méjì àkọ́kọ́ ti tó. Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ fojú ara yín wo yàrá. Ẹ ṣí omi, ẹ tọ́ ọ wò: tó bá níyọ̀, ọṣẹ ò ní hó, ara yóò sì máa le lẹ́yìn ìwẹ̀. Ẹ na àwọ̀n ẹ̀fọn sókè kí ẹ wo ihò ara rẹ̀. Ẹ béèrè aago tí iná ń wá àti aago tó ń lọ, torí tí wọ́n bá ń pa jẹnẹrétọ̀ lóru, fáànù náà á dákẹ́. Ẹ tún wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ náà wà sí fèrèsé yín.

Àwòrán etíkun tí wọ́n ń fi polówó, ìgbà tí omi kún ni wọ́n yà á. Nígbà tí omi bá fà, etíkun mìíràn á di òkúta iyùn àti ẹrẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mítà, kò sí ibi tí èèyàn ó ti wẹ̀. Ẹ béèrè aago tí omi ń kún, kí ẹ sì rántí pé lójoojúmọ́ ni yóò máa fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti àná lọ.

Omi òkun

Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Níbi tí ìgbì ti ń fọ́ funfun lọ́tùn-ún lósì, tí àárín dákẹ́, tí omi rẹ̀ dúdú díẹ̀, ojú àlejò á sọ pé ibẹ̀ ló dára jù. Ibẹ̀ gan-an ni omi tí ìgbì kó wá ti ń padà sí agbami, ó sì lè yára ju òmùwẹ̀ tó mọ̀ ọ́n jù lọ láyé. Tó bá gbé yín, ẹ má bá a jà láti padà sí ibi tí ẹ ti wọlé. Ẹ jẹ́ kí ara léfòó, ẹ fi mímí balẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa tẹ̀lé gígùn etíkun lọ, títí ẹ ó fi kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ tó kọjú sí ilẹ̀.

Ohun tó ń pa tọkọtaya ni pé ẹnì kan á há, ẹnì kejì á fò wọlé lọ́wọ́ òfo, ẹni tó ń rì á sì rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹni tó wà lókè kò gbọdọ̀ wọlé láìmú ohun tó ń léfòó dání: ẹ̀wù ìléfòó, kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí wọ́n dé lẹ́nu, pátákó. Kó kọ́kọ́ pariwo pe èèyàn, kó ju nǹkan sí i, kó máa nawọ́ sí ibi tí yóò wẹ̀ sí. Etíkun tí ẹ kò bá rí ará ibẹ̀ kankan nínú omi rẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí.

Ẹ wọ bàtà omi lórí òkúta. Ọgbẹ́ òkúta iyùn kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀rúnrún rẹ̀ ń kù sínú ẹran ara, á sì kẹ̀. Ẹ fi omi mímu àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa títí gbogbo rẹ̀ ó fi jáde, ẹ fi oògùn apakòkòrò sí i, kí ẹ má padà sínú òkun títí yóò fi jiná. Tí ẹja ẹlẹ́gùn-ún olóró bá gún yín, ẹ ki ẹsẹ̀ náà sínú omi gbígbóná tó tó 45°C fún ìṣẹ́jú 30 sí 90, kí ẹ sì máa wá dókítà lọ. Ẹnì kejì ni kó fi ọwọ́ tirẹ̀ dán omi náà wò, nítorí ẹsẹ̀ tó ń ro kò lè mọ ohun tó ń jó o.

Oòrùn, ẹ̀fọn, omi mímu

Oòrùn aago mẹ́wàá sí aago mẹ́rin ló le jù. Àwọn tó ń dojú bolẹ̀ wo ẹja lójú omi ló ń jóná jù, ẹ̀yìn àti ẹ̀yìn ìtàn wọn ni. Ẹ̀wù alápá gígùn sàn ju ìpara lọ níbẹ̀, kì í sì í tán. Ní ti ìpara, ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó rà á: orílẹ̀-èdè erékùṣù Palau fòfin de àwọn tó ní kẹ́míkà oxybenzone àti octinoxate ní 2020, Hawaii náà dẹ́kun títa wọn ní 2021, nítorí iyùn inú òkun.

Ìpara oòrùn ni ẹ ó kọ́kọ́ fi pa ara, kó gbẹ, kí ti ẹ̀fọn tó gun orí rẹ̀. Èyí tó ní DEET, kẹ́míkà tó ń lé ẹ̀fọn, nínú máa ń yọ́ rọ́bà, nítorí náà ẹ má fi í sí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì oòrùn yín. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà dengue kiri, ọ̀sán ló ń jẹni. Ti màláríà, òru. Àwọ̀n nìkan kò tó.

Síse omi kì í yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Omi tí kò níyọ̀, tó bá ti hó fún ìṣẹ́jú kan, ó ṣeé mu. Tó bá jẹ́ hóró oògùn omi lẹ lò, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30. Tí inú ẹnì kan bá ń ṣí, ẹ po ṣíbí ṣúgà kékeré mẹ́fà àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀, gbogbo rẹ̀ ní dọ́gba ẹnu ṣíbí, mọ́ lítà omi mímọ́ kan.

Ẹ má jókòó sábẹ́ igi àgbọn tó ní èso.

Ẹ má ṣa iyùn tàbí ìkarahun lọ sílé. Aṣọ́bodè lè gbà á kó sì bu owó ìtanràn lé e.

Páwà báǹkì kì í wọ ẹrù abẹ́ bàálù. Ti 20,000 mAh jẹ́ nǹkan bí 74 Wh (ìwọ̀n agbára iná inú rẹ̀), ó wà lábẹ́ 100 Wh tí wọ́n gbà láti gbé wọlé lọ́wọ́.

Alùpùpù, ẹ má yá a tí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ yín kò bá mẹ́nu kan alùpùpù. Ìwé mọ́tò kò kà á. Tí ẹ bá ṣubú, ilé iṣẹ́ adójútòfò lè fi ìyẹn kọ̀ láti sanwó, bí ẹ tiẹ̀ wọ akoto. Ẹ ya fídíò gbogbo ara rẹ̀ kí ẹ tó gbé e kúrò níwájú ẹni tó ni ín, kí ẹ má sì fi páásípọ́ọ̀tù dúró.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ka ìwé adójútòfò náà: ṣé ó ń san owó gbígbé aláìsàn kúrò ní erékùṣù lọ sí ilé ìwòsàn ńlá? Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín kọ nọ́ńbà ìwé náà, oògùn tí ẹnì kejì ń lò àti èyí tí ara rẹ̀ kò gbà sórí ìwé kékeré kan, kó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí fóònù ẹnì kejì.